Bí a Ṣe Lè Mọ Fáìlì mstscax.dll Dájú, kí A Yẹ̀ Ẹ́ Wò, kí A sì Tún Un Ṣe lórí Windows

Bí ẹ bá ń lo Remote Desktop Connection tó wà nínú Windows láti fi wọ inú kọ̀ǹpútà mìíràn láti ọ̀nà jíjìn, ẹ ti ń lo fáìlì kan tó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì fojú kàn rí. Orúkọ rẹ̀ ni mstscax.dll. Nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ déédéé, kò sẹ́ni tó ń bèèrè rẹ̀. Ọjọ́ tí nǹkan bá dàrú ni orúkọ rẹ̀ máa ń yọ lójú ẹ̀rọ nínú àpótí ìkìlọ̀ kékeré kan, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn á sì sáré lọ wá ẹ̀dà mìíràn rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà gidi ti ń bẹ̀rẹ̀. Windows fúnra rẹ̀ ní ẹ̀dà tó péye nípamọ́, ó sì mọ bó ṣe ń dá a padà sáyè rẹ̀. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá fáìlì náà ló ṣẹ̀ lóòótọ́, tàbí wọ́n kàn ń fi ẹ̀sùn ẹlòmíràn kàn án. Windows 10 àti Windows 11 ni àwọn ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí wà fún.

Ohun tí fáìlì náà ń ṣe

DLL ni à ń pe irú fáìlì tó kó iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ètò nílò pọ̀ sójú kan, kí ètò kọ̀ọ̀kan má baà máa tún iṣẹ́ kan náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ lè fi wé àpótí irinṣẹ́ tí gbogbo oníṣẹ́ inú ìsọ̀ kan jọ ń lò: ẹni tó bá nílò òòlù á nawọ́ mú un, á lò ó, á sì dá a padà. Bí òòlù náà bá kán, kì í ṣe oníṣẹ́ kan ṣoṣo ni iṣẹ́ rẹ̀ máa dúró.

Ètò tí ẹ ń rí tí ẹ bá ṣí Remote Desktop Connection ni mstsc.exe. Òun ló ń gbé ojú tí ẹ ti ń kọ orúkọ kọ̀ǹpútà kejì síwájú yín. Ṣùgbọ́n ní kété tí ẹ bá ti tẹ Connect, mstscax.dll ló ń gba iṣẹ́ ṣe: òun ló ń bá kọ̀ǹpútà kejì sọ̀rọ̀ lórí ìlànà RDP (Remote Desktop Protocol), tó sábà máa ń gba ojú ọ̀nà (port) 3389, òun ló ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ọ̀hún sí iwájú yín, tó ń gbé gbogbo bọ́tìnnì tí ẹ bá tẹ̀ lọ sọ́hùn-ún, tó sì ń bójú tó ohùn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti ọ̀rọ̀ tí ẹ bá dà kọ níhìn-ín láti lẹ̀ mọ́ ọ̀hún.

Orúkọ rẹ̀ ní ìtàn. Lẹ́tà márùn-ún àkọ́kọ́, mstsc, jẹ́ ìkékúrú Microsoft Terminal Services Client, nítorí Terminal Services ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí láti ìgbà Windows NT 4.0 Terminal Server Edition ti ọdún 1998 títí di ọdún 2009, nígbà tí Windows Server 2008 R2 sọ ọ́ di Remote Desktop Services. Wọ́n yí orúkọ iṣẹ́ náà padà, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan orúkọ fáìlì. Lẹ́tà méjì ìkẹyìn, ax, ń tọ́ka sí ActiveX, ìyẹn ọ̀nà tí Windows fi ń jẹ́ kí ètò mìíràn lè gbé iṣẹ́ kan sínú ara tirẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ètò bíi mRemoteNG àti Remote Desktop Connection Manager fi lè ṣí ojú kọ̀ǹpútà mélòó kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ pé wọ́n kọ ìlànà RDP fúnra wọn: mstscax.dll yìí kan náà ni wọ́n ń yá lò. TeamViewer àti AnyDesk kò sí lára wọn. Àwọn yẹn gbé fáìlì tiwọn wá, nítorí náà bí ọ̀kan nínú wọn bá dákú, ẹ má ṣe wá ẹ̀bi rẹ̀ wá síbí.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń rí i tí àwọn ènìyàn ń dà pọ̀. mstscax.dll jẹ́ ti ẹni tó ń lọ kí ẹlòmíràn nílé, termsrv.dll ni ti onílé tó ń ṣílẹ̀kùn. Windows Home ní mstsc.exe àti mstscax.dll, nítorí náà ó lè wọ inú kọ̀ǹpútà mìíràn, ṣùgbọ́n Windows kò gbà fún un láti gba àlejò. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kò lè wọ inú kọ̀ǹpútà kan tó ń lo Windows Home, kò sí ohun tí ẹ máa ṣe sí mstscax.dll tó máa yanjú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá ibi tí ó wà

Lórí Windows tó jẹ́ 64-bit, ibi méjì ni ojúlówó fáìlì náà ń gbé: C:\Windows\System32 àti C:\Windows\SysWOW64. Àwọn orúkọ wọ̀nyí máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí inú System32 ni ẹ̀dà 64-bit wà, inú SysWOW64 sì ni ẹ̀dà 32-bit wà, òdì kejì ohun tí orúkọ wọn ń sọ. Ẹ má ṣe gbé ọ̀kan lọ sí àyè èkejì láé. Bí ètò 64-bit bá wá DLL, tó sì jẹ́ pé ẹ̀dà 32-bit ló bá níbẹ̀, kò ní lè lò ó. Nọ́ńbà àṣìṣe tó sábà máa ń bá irú àṣìmú bẹ́ẹ̀ rìn ni 0xc000007b.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ cmd, ẹ fi máòsì tẹ Command Prompt lápá ọ̀tún, kí ẹ sì yan Run as administrator. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àṣẹ yìí:

dir C:\mstscax.dll /s

Yóò gba ìṣẹ́jú mélòó kan, nítorí gbogbo dísíìkì ló ń tú. Yàtọ̀ sí ibi méjì tí mo dárúkọ, ẹ máa rí àwọn mìíràn nínú C:\Windows\WinSxS, nínú àwọn fódà tí orúkọ wọn gùn bí okùn, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú amd64 tàbí wow64. Ẹ má fòyà. WinSxS ni àká tí Windows ń kó àwọn fáìlì rẹ̀ pamọ́ sí, inú rẹ̀ ló sì ti ń mú ohun tó máa fi ṣàtúnṣe. Àwọn kan nínú fódà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní f àti r máa ń kéré gan-an sí ìyókù. Kì í ṣe pé wọ́n bàjẹ́, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀yà kan àti òmíràn nìkan ni Windows tọ́jú síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i pé fáìlì inú System32 àti ọ̀kan nínú ti WinSxS jẹ́ fáìlì kan náà tó kàn ń jẹ́ orúkọ méjì, kí ó kọ èyí:

fsutil hardlink list C:\Windows\System32\mstscax.dll

Ohun tó yẹ kó mú yín ta kìjí ni bí ẹ bá bá ẹ̀dà kan nínú Downloads, nínú Temp, nínú AppData, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò kan tí ẹ kò mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Tí ètò kan bá bèèrè DLL láìsọ ibi tó wà, inú fódà ètò náà fúnra rẹ̀ ni Windows sábà máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó lọ sí System32. Àwọn oníṣẹ́ ibi mọ èyí dáadáa: wọ́n á gbé ètò tó jẹ́ ojúlówó, tí kò ní àbùkù kankan, wọ́n á sì fi DLL ayédèrú tó ń jẹ́ orúkọ ojúlówó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ètò ojúlówó náà á wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún olè.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wo ìbuwọ́lù rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà máa ń ní kí ẹ fi máòsì tẹ fáìlì náà lápá ọ̀tún, kí ẹ yan Properties, kí ẹ sì wo abala Digital Signatures. Ìmọ̀ràn yẹn kò pé. Ọ̀pọ̀ fáìlì Windows ni kò gbé ìbuwọ́lù wọn, ìyẹn àmì tó ń fi hàn pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n, sára. Inú ìwé àkójọ kan tó dá dúró ni ìbuwọ́lù náà wà, abala yẹn sì lè má hàn rárá bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáìlì náà mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn. PowerShell ni kí ẹ bi léèrè (ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ powershell, kí ẹ sì ṣí i):

Get-AuthenticodeSignature C:\Windows\System32\mstscax.dll | Format-List Status, SignatureType, IsOSBinary

Ìdáhùn tí ẹ ń fẹ́ ni kí Status jẹ́ Valid, kí IsOSBinary sì jẹ́ True. SignatureType lè jẹ́ Catalog, ìyẹn ìwé àkójọ tí mo sọ. Bí Status bá sọ pé NotSigned tàbí HashMismatch fún fáìlì tó wà nínú System32, ẹnìkan tàbí nǹkan kan ti fọwọ́ kàn án nìyẹn. Ẹ fi ètò agbógunti-fáírọ́ọ̀sì yẹ gbogbo kọ̀ǹpútà náà wò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Properties ṣì wúlò fún nǹkan kan, abala Details. Ẹ máa rí àpèjúwe Remote Desktop Services ActiveX Client níbẹ̀, àti nọ́ńbà ẹ̀yà fáìlì náà. Nọ́ńbà yìí ti kó ìpayà bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lásán. Kọ̀ǹpútà yín lè sọ pé Windows 10 ẹ̀yà 22H2 tó jẹ́ 19045 lòun ń lò, kí fáìlì náà sì máa sọ pé 10.0.19041 lòun. Kò sí ìjà láàárín wọn: orí ìpìlẹ̀ kan náà ni Microsoft kọ́ Windows 10 láti 19041 títí dé 19045 lé, nọ́ńbà inú fáìlì náà kò sì kúrò lórí ti ìpìlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wo ẹni tó ń lò ó lọ́wọ́lọ́wọ́

Ẹ ṣí Remote Desktop Connection, kí ẹ sopọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà kan, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ èyí sínú Command Prompt:

tasklist /m mstscax.dll

Orúkọ mstsc.exe yóò yọ, pẹ̀lú nọ́ńbà tí Windows fún un. Bí ẹ bá ní irú ètò bíi mRemoteNG tó ṣí sílẹ̀, orúkọ tirẹ̀ náà lè yọ. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbójú fò ni orúkọ ètò tí kò ní iṣẹ́ kankan í ṣe pẹ̀lú kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ gbọ́ ẹjọ́ kí ẹ tó dá a

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ṣe jù, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń sọ pé mstscax.dll ti bàjẹ́ ni kò rí fáìlì kankan tó bàjẹ́. Ẹ ṣí Event Viewer, ẹ wọ inú Windows Logs, lẹ́yìn náà Application, kí ẹ sì wá àkọsílẹ̀ pupa tí orísun rẹ̀ jẹ́ Application Error, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ 1000, ní àkókò tí ètò yín kú. Nínú rẹ̀, ẹ máa rí irú ìlà báwọ̀nyí:

Faulting application name: mstsc.exe
Faulting module name: mstscax.dll
Exception code: 0xc0000005

Ìlà kìíní ń sọ ètò tó kú. Ìkejì ń sọ inú DLL tí ètò náà wà nígbà tó kú. Ìkẹta ń sọ irú ikú tó kú, 0xc0000005 sì túmọ̀ sí pé ó gbìyànjú láti wọ ibi tí kò ní àṣẹ láti wọ̀ nínú ìrántí kọ̀ǹpútà. Ẹ kíyè sí ohun tí kò sọ: kò sọ pé mstscax.dll ló jẹ̀bi. Ẹni tí wọ́n bá òkú nílé rẹ̀ kọ́ ni apànìyàn ní gbogbo ìgbà. Dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè bá ẹ̀rọ kan ṣiṣẹ́) ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò dára, dráífà àwòrán tó ti gbó, tàbí ètò agbógunti-fáírọ́ọ̀sì tó ń tojú bọ ohun gbogbo lè fún un ní nǹkan tí kò lè jẹ, kó sì kú síbẹ̀.

Bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyí. Nínú Remote Desktop Connection, ẹ tẹ Show Options, ẹ lọ sí abala Local Resources, kí ẹ sì mú àmì kúrò lójú Printers àti Clipboard. Ẹ tẹ More, kí ẹ sì mú àmì kúrò lójú Drives náà. Ẹ lọ sí abala Experience, ẹ mú ti Persistent bitmap caching kúrò. Ẹ tún sopọ̀. Bí kò bá kú mọ́, ẹ máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa sopọ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ẹ ó fi mú ọ̀daràn náà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni èmi máa ń kọ́kọ́ fura sí. Tó bá jẹ́ pé ìpamọ́ àwòrán ni, ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú fódà yìí rẹ́, kò ní pa yín lára, Windows yóò tún kó òmíràn jọ:

%localappdata%\Microsoft\Terminal Server Client\Cache

Bí àkọsílẹ̀ náà bá sọ 0x80040154, tàbí tí ètò bíi mRemoteNG bá ń pariwo pé Class not registered, fáìlì náà wà lódindi ṣùgbọ́n Windows ti gbàgbé ibi tí ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sí. Ẹ tún orúkọ rẹ̀ kọ sílẹ̀ nínú Command Prompt tó ní àṣẹ administrator:

regsvr32 C:\Windows\System32\mstscax.dll

Ọ̀nà kan tún wà láti dá ẹjọ́ yìí kíákíá. Bí mstsc.exe bá kú, tí ètò mìíràn tó ń yá mstscax.dll lò náà sì kú lọ́nà kan náà, ìfura lè wá sórí DLL náà. Bí ọ̀kan bá kú tí èkejì ń ṣiṣẹ́ láìsí ìyọnu, ètò tó kú yẹn ni kí ẹ tún ṣe.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ jẹ́ kí Windows tún un ṣe

Ẹnìkan gbé kọ̀ǹpútà kan wá fún mi rí tí Remote Desktop Connection rẹ̀ kì í fọhùn mọ́: á tẹ̀ ẹ́, òbìrí máòsì á yí díẹ̀, kò sí ohun tó máa ṣí, kò sì sí ìkìlọ̀. Ó ti lọ gba mstscax.dll láti inú kọ̀ǹpútà mìíràn, ó gba ẹ̀tọ́ lórí System32 tipátipá, ó sì gbé e lé orí ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé fáìlì yìí kì í dá rìn. Nínú fódà èdè, fún àpẹẹrẹ C:\Windows\System32\en-US, mstscax.dll.mui wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ń hàn lójú ẹ̀rọ wà, òun àti DLL àti mstsc.exe sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Bí ọ̀kan bá ti ìdílé mìíràn wá, àjọṣe wọn dàrú.

Ẹ̀dà àtijọ́ tún ní ewu mìíràn. Ní oṣù Keje ọdún 2019, Microsoft dí àlàfo kan tí wọ́n fún ní nọ́ńbà CVE-2019-0887: sáfà tí ọwọ́ ibi ti wọ inú rẹ̀ lè lo àǹfààní ìdàkọ-àti-lílẹ̀ láti fi fáìlì sí ibi tí ó bá wù ú nínú kọ̀ǹpútà ẹni tó wọlé wá, títí kan fódà Startup, kí fáìlì náà lè dìde fúnra rẹ̀ nígbà tí onítọ̀hún bá tún wọlé sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àlejò ló lọ kí ènìyàn, òun náà ni wọ́n jà lólè. Ẹni tó bá gba mstscax.dll tó ṣáájú àtúnṣe yẹn láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó sì gbé e sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí àlàfo tí wọ́n ti dí.

Nítorí náà, àṣẹ méjì péré ni, kí ẹ sì tẹ̀ lé e bí mo ṣe tò ó. Èyí àkọ́kọ́ ń tún àká WinSxS ṣe, ó sì nílò íńtánẹ́ẹ̀tì nítorí Windows Update ló sábà ti ń mú ohun tí ó bá ṣaláìní:

DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth

Nọ́ńbà ìdá ọgọ́rùn-ún tó ń hàn lè dúró pẹ́ sójú kan bí ẹni pé ó ti kú. Ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn tó bá parí ni kí ẹ tó kọ èkejì, nítorí inú àká yẹn ni èkejì ti máa mú fáìlì. Bí àká bá bàjẹ́, ìbàjẹ́ ni yóò pín:

sfc /scannow

Bí ẹ bá fẹ́ kó wo fáìlì yìí nìkan, ẹ lò ó báyìí:

sfc /scanfile=C:\Windows\System32\mstscax.dll

Bó bá sọ pé òun rí ohun tó bàjẹ́ tí òun sì ti tún un ṣe, ẹ lè ka kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀ nínú C:\Windows\Logs\CBS\CBS.log. Fáìlì náà gùn, àwọn ìlà tó ní àmì [SR] nìkan ló kàn yín. Àṣẹ yìí á ṣà wọ́n sórí Desktop:

findstr /c:"[SR]" %windir%\Logs\CBS\CBS.log > "%userprofile%\Desktop\sfc.txt"

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá Windows Update, ẹ jẹ́ kó gbé gbogbo àtúnṣe tó bá ní wá, kí ẹ sì tún kọ̀ǹpútà náà tàn. Bó bá dìde, ẹ sopọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà kejì, kí ẹ sì bi PowerShell ibi tí mstsc.exe ti mú DLL rẹ̀ gan-an:

(Get-Process mstsc).Modules | Where-Object ModuleName -eq "mstscax.dll" | Format-List FileName

Bí ìdáhùn bá jẹ́ C:\Windows\System32\mstscax.dll, tí àṣẹ ìbuwọ́lù inú ìgbésẹ̀ kejì sì tún dáhùn pé Valid, iṣẹ́ ti parí. Ẹ wá pa ẹ̀dà tí ẹ gbà sínú Downloads rẹ́.